Ẹ gbà mí o, "Ten Years in Oblivion" ni wọ́n kọ sára fẹ́lẹ́sì ìrántí bàbá wa

Ọmọ Kubwa:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Kíákíá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí Sátidé tó dé. A fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kẹwàá bàbá wa ní Kubwa níbí, àbúrò bàbá mi tá a ń pè ní Dádì Gwarinpa ló ní kí àwọn ṣe ètò fẹ́lẹ́sì, ọ̀gá ni wọ́n níṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gírámà ò sì kúrò lẹ́nu wọn látàárọ̀ dalẹ́. Àná ni wọ́n ní kí n lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní Utako. Mo tú u wò, fọ́tò bàbá dáa gan-an, èyí tí wọ́n wọ agbádá funfun lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ tí mo rí i: "TEN YEARS IN OBLIVION. PAPA WE LOVE YOU." Ara mi kọ̀ ọ́. Mo pe Dádì, wọ́n ní ìsinmi ni oblivion, pé ibi tí àwọn tó ti sùn wà nìyẹn. Mo ní ṣó dá wọn lójú, wọ́n ní nígbà táwọn ń kọ mẹ́mò níbo ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní oblivion gan-an? Fẹ́lẹ́sì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni o, a sì ti sanwó tán.

Sabon Gari Boy:
Hahaha ẹ má bínú ẹ̀rín ló ń pa mí. Ó wá dà bí ẹni pé NYSC ló pósìtì bàbá lọ sí ìpínlẹ̀ Oblivion, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì fi sìn.

Tísà Kàdúná:
Sabon Gari fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀ jàre. Ọmọ Kubwa, ara tó kọ̀ ọ́ yẹn ò parọ́ fún ẹ. Oblivion kì í ṣe ìsinmi rárá. Ohun tó jẹ́ ni kí wọ́n gbàgbé èèyàn tàbí nǹkan débi pé kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀, bí ẹni pé kò wáyé rí. Èdè Látìn ló ti wá, oblivisci lọ́hùn-ún ni kéèyàn gbàgbé, ẹnu àwọn Faransé làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní nǹkan bí 1300 sí 1400. Nítorí náà ohun tí fẹ́lẹ́sì yín ń sọ fún gbogbo Kubwa ni pé ó ti pé ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti gbàgbé bàbá yín pátápátá, ẹ ò tiẹ̀ rántí pé ẹ ní bàbá. Ẹ wá tún kọ "we love you" tẹ̀ lé e.

Ọmọ Kubwa:
Yéè! Mo gbé.

Ìyá Bẹ́jì Nyanya:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Èmi ò kàwé tó yín ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi Tísà, ṣebí ìgbàgbé náà lẹ ń sọ yẹn? Ìgbàgbé tó ṣe mí lánàá tí mo gbé ẹ̀wà sórí iná tí mo lọ bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kẹ̀ ní ilé ìyá àlámọ́jọrí, ìgbà tí mo máa fi dé gbogbo kọ́ńpáùndì ti mọ̀ pé ẹ̀wà ni mo sè. Ṣé oblivion nìyẹn?

Tísà Kàdúná:
Ìyá Bẹ́jì, ẹ kú orí ire tí iná ò jó ilé. Ìbéèrè yín dáa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wò ó, bí Yorùbá bá ní "ìgbàgbé ń ṣe mí", ara ta ni ìgbàgbé yẹn wà? Ara ẹni tó gbàgbé ni. Ẹ̀yin ló ṣe. Oblivion ò sí lára ẹni tó gbàgbé, ara ohun tí wọ́n gbàgbé ló wà. Ìgbàgbé ló ṣe yín, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ò sí ní oblivion torí gbogbo kọ́ńpáùndì ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ oblivion nínú èdè wa ni bá a bá ní "ó ti di ẹni ìgbàgbé", tàbí bá a ṣe ń sọ pé nǹkan "di àwátì", a wá a tì, a ò rí i, nígbà tó yá a ò wá a mọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ bí ibi tí nǹkan ń lọ, "fade into oblivion", "sink into oblivion", tàbí kí wọ́n ní ẹnì kan fa nǹkan jáde, "rescued from oblivion". Bí ihò ni wọ́n ṣe ń rí i. Dádì Gwarinpa náà mọ̀ pé ibì kan ni, ibi tó jẹ́ ni wọn ò mọ̀.

Ìyá Bẹ́jì Nyanya:
Bó bá jẹ́ ibì kan ni, ó wà nínú Bíbélì mi o. Sáàmù 88 ẹsẹ 12. "Ilẹ̀ ìgbàgbé" ni wọ́n pè é. Onísáàmù ń bi Ọlọ́run pé ṣé wọ́n lè mọ òdodo rẹ̀ ní ilẹ̀ ìgbàgbé. A máa ń kà á níbi ìṣọ́ òru, mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ lóyìnbó.

Tísà Kàdúná:
Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò kàwé? Ilẹ̀ ìgbàgbé. Mo ti ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì láti bí ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò ronú kàn án rí. Mo ti gbà á lọ́wọ́ yín.

Alfa Minna:
Salamu alaykum gbogbo ilé. Àwọn Hausa tó yí wa ká níbí ní mantuwa fún ìgbàgbé, bí wọ́n bá sì ní "an manta da shi" wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn, ó parí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí oblivion ẹ wọkọ̀ láti Minna ẹ sọ̀ ní Zungeru. Ibẹ̀ ni olú ìlú gbogbo àríwá láti 1902 títí di 1916, Lugard àtàwọn èèyàn ẹ̀ ló ń jókòó níbẹ̀, Kaduna ò tíì jẹ́ nǹkan kan nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Zik sí ní 1904, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Ojukwu sí ní 1933. Nígbà tí ìjọba kó ẹrù wọn lọ Kaduna, wọ́n kó orúkọ ìlú náà lọ mọ́ ọn. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì, mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa Zungeru, ó ní ṣé oúnjẹ ni.

Sabon Gari Boy:
Alfa ọmọ yín fi yín ṣẹ̀sín o. Ti Kano ńkọ́? Àwọn òkìtì ẹ̀pà wa dà? Bàbá àgbà tó ni ilé tá à ń gbé sọ pé àwọn bá wọn gun orí ẹ̀, pé àpò ẹ̀pà tó wà nínú òkìtì kan lè tó 15,000, wọ́n á tò ó lọ sókè ṣóńṣó, ọkọ̀ ojú irin á máa kó o lọ Èkó. Ọ̀dá wá dé ní àwọn ọdún 1970, owó epo náà dé, kò sẹ́ni tó rójú ẹ̀pà mọ́. Oblivion nìyẹn kẹ̀.

Tísà Kàdúná:
Mi ò gbà. Òkìtì ẹ̀pà Kano? Kò sí olóṣèlú tó ń bọ̀ wá du ìbò tí kì í dárúkọ ẹ̀. Nǹkan tí gbogbo ayé ń kédàárò ẹ̀ ò sí ní ilẹ̀ ìgbàgbé. Ó kú ni, kò dìgbàgbé. Zungeru tiẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, àfi pé wọ́n ti wá kọ́ ìdídò iná mànàmáná tó jẹ́ 700 mẹ́gáwáàtì síbẹ̀ báyìí, orúkọ ẹ̀ ti ń padà sínú ìròyìn.

Alfa Minna:
Tísà ẹ le o. Tó bá jẹ́ pé téèyàn bá ti dárúkọ nǹkan ó ti kúrò ní oblivion, báwo lèèyàn ṣe máa wá fún yín lápẹẹrẹ ẹ̀? Ká tó dárúkọ ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a rántí ẹ̀.

Tísà Kàdúná:
Alfa, ẹ ti mú mi. Ẹ jẹ́ n lọ mu omi.

Ará Jos:
Mo ní ọ̀kan tí Tísà ò ní lè já. Àwọn ará Nok. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń fi amọ̀ mọ orí èèyàn níbi tó di gúúsù Kaduna lónìí, ojú onígun mẹ́ta, irun dídì lóríṣiríṣi. Wọ́n parẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n gbé ilé ayé rí títí di 1928 táwọn tó ń wa kùsà tin fi bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn jáde. Ní 1943 wọ́n tún rí orí kan, òṣìṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà ló gbé e lọ sílé, ẹ mọ ohun tó fi ṣe? Ó gbé e sí oko iṣu ẹ̀ láti máa fi dẹ́rù ba ẹyẹ! Odidi ọdún kan ni orí yẹn fi ń ṣọ́ iṣu kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó rí i tó rà á, tó gbé e wá sí Jos níbí fún Bernard Fagg, òyìnbó awalẹ̀pìtàn kan.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Nok yẹn kì í ṣe orúkọ wọn. Abúlé tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn ère wọn ló ń jẹ́ Nok. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn, èdè tí wọ́n ń sọ, ẹni tó fọwọ́ mọ orí yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ẹyọ kan. Ère wọn ti jáde ní oblivion ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ṣì wà níbẹ̀. Tísà, ẹ já ìyẹn.

Tísà Kàdúná:
Mi ò já a. Mo dọ̀bálẹ̀.

Àǹtí Gwags:
Ọ̀rọ̀ amọ̀ tẹ́ ẹ sọ ló jẹ́ kí n wọlé. Ìkòkò Ladi Kwali ńkọ́? Ọmọ Kwali tó wà nítòsí wa níbí ni, fọ́tò ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ₦20. Ẹ yọ ₦20 wò tẹ́ ẹ bá ní. Mo mú un fún ọmọ tó ń bá mi tajà pé ta nìyí, ó wo iwájú ó ní Murtala, ó yí i sẹ́yìn ó ní "ìyá oníkòkò". Ojoojúmọ́ ló ń ná an. Èyí náà, kí lẹ máa pè é? Wọ́n kọ orúkọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á. ₦20 gan-an ò sì rajà kankan mọ́.

Lọ́yà Wuse:
Ẹ jẹ́ n bá yín dá a sí díẹ̀, iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo oblivion ló burú o. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, àánú ni. Wọ́n bẹ́ orí ọba wọn Charles Kìíní ní 1649, ìlú dàrú, nígbà tí ọmọ ẹ̀ wá padà gorí oyè ní 1660 wọ́n ṣòfin kan tí wọ́n pè ní Indemnity and Oblivion Act. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ohun tí oníkálukú ṣe nígbà ìjà yẹn, a ti gbàgbé ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún fi pe ẹnì kan lẹ́jọ́, àyàfi àwọn tó lọ́wọ́ nínú ikú ọba gan-an. Bí Yorùbá ṣe máa ń ní "ẹ jẹ́ á fi ṣẹ́yìn" náà ni. Àmínẹ́sítì tí Yar'Adua fún àwọn ọmọ Niger Delta ní 2009 náà, inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ìgbàgbé ló túmọ̀ sí níbẹ̀.

Àwọn èèyàn mìíràn sì wà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbàgbé àwọn. Ọkùnrin kan ní Sípéènì, ìwé ìròyìn ti kọ ọ́ ní 1998 pé wọ́n fẹ́ lu ilé ẹ̀ ní gbàǹjo torí gbèsè, ó ti san gbèsè tán, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti tẹ orúkọ ẹ̀ sí Google, gbèsè yẹn ló máa kọ́kọ́ yọjú. Ó gbé wọn lọ kọ́ọ̀tù, ní 13 May 2014 kọ́ọ̀tù àgbà ilẹ̀ Yúróòpù dá a láre. Àwọn Faransé ń pe ẹ̀tọ́ yẹn ní droit à l'oubli, inú Látìn tí Tísà sọ yẹn náà ni oubli ti wá. Òfin dátà tiwa ti 2023 náà fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa dátà òun rẹ́. Ohun tó kàn pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọkùnrin Sípéènì yẹn, ó torí kí wọ́n lè gbàgbé òun lọ kọ́ọ̀tù, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin dátà tí ò mọ orúkọ ẹ̀ àti gbèsè ẹ̀ lónìí.

Sabon Gari Boy:
Lọ́yà mo ní fọ́tò kan tí wọ́n fi sí Facebook ní 2011, mo wọ ṣòkòtò pupa mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ jọ̀ọ́ èló lẹ máa gbà?

Lọ́yà Wuse:
Kí n kọ́kọ́ rí fọ́tò náà ná.

Ẹni Ń Kọjá:
Ẹ kú ìjókòó. Ṣé ìdílé kan náà ni oblivion àti oblivious? Ọ̀gá mi kan máa ń ní "I am oblivious of the matter", mi ò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n gbàgbé ni àbí òun ló gbàgbé.

Tísà Kàdúná:
Ìdílé kan náà ni, ìwà wọn ò jọra. Láyé àtijọ́ ẹni tó bá jẹ́ onígbàgbé ni oblivious. Báyìí, ẹni tí ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, yálà ó gbàgbé ni o, tàbí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọkùnrin kan tí mo rí ní títì Kubwa lóṣù tó kọjá, ó ti ki nǹkan bọ etí méjèèjì, ó ń mi orí bọ̀ láàárín ọ̀nà, ọkọ̀ ń fọn fèrè, kẹ̀kẹ́ ń ya fún un, ìyá ẹlẹ́kọ ń pariwo Jésù, òun ń rìn lọ ní tiẹ̀, ó tiẹ̀ dúró so okùn bàtà. Oblivious nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pe ẹni tí wọ́n gbàgbé ní oblivious, ẹ ti ṣì í.

Ẹ tún máa gbọ́ ọ pé ẹnì kan "drank himself into oblivion", ó mutí débi tí ò mọ ọ̀run tí ò mọ ayé mọ́ nìyẹn. Tàbí pé wọ́n "bombed" ìlú kan "into oblivion", wọ́n pa á rẹ́ ráúráú. Nínú gbogbo ẹ̀, mi ò tíì rí ibi tó ti jẹ́ ìsinmi. Ẹ sọ fún Dádì.

Ọmọ Kubwa:
Mo ti sọ fún wọn. Mo ka ti Tísà sí wọn létí, mo ka ti Ìyá Bẹ́jì náà. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé àwọn fẹ́ wò ó bóyá ẹnì kankan nínú ẹbí ṣì ń kàwé ni. 😂 Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà wà báyìí, wọ́n ní oblivion ò gbọdọ̀ kúrò, pé àwọn ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ àwọn. Tá a bá yọ ọ́ àwọn ò ní wá. Owó fẹ́lẹ́sì tuntun ò sì sí.

Ìyá Bẹ́jì Nyanya:
Ọmọ mi, má bá àgbà jà lórí ọ̀rọ̀ òkú. Ṣé bàbá yín fi nǹkan sílẹ̀ nínú ilé?

Ọmọ Kubwa:
Télọ̀ ni bàbá mi, mà. Máṣíìnì wọn ṣì wà ní pálọ̀, màámi ló ń fi epo sí i lóṣooṣù, ẹnikẹ́ni ò lè gbé ife lé e. Okùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dìde nídìí ẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, búlúù, aṣọ ilé ìwé ọmọ kan ni wọ́n ń rán.

Ìyá Bẹ́jì Nyanya:
Hmm. Bàbá kú, bàbá kù.

Sabon Gari Boy:
Ẹ gbọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ kàn fi NEVER kún un? Àwọn Utako yẹn máa gé sítíkà funfun fún yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú IN. "TEN YEARS, NEVER IN OBLIVION." Dádì ní gírámà wọn, bàbá ní ọ̀wọ̀ wọn.

Tísà Kàdúná:
Ó wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dán ṣùgbọ́n ó wọlé. Sabon Gari, mi ò mọ̀ pé ọpọlọ wà níbẹ̀.

Ọmọ Kubwa: (Sátidé, alẹ́)
Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. A ṣe é tán. ₦3,000 ni wọ́n gbà fún sítíkà, ó kéré ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ, téèyàn bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán á kàn rò pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó ya ni. Oòrùn mú un, eteetí ẹ̀ ń ká bọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló dúró síbẹ̀ tó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Màámi bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn pé a ò gbàgbé bàbá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "bí a ò bá gbàgbé ẹ̀, kí wá la kọ ọ́ sílẹ̀ fún?" Mi ò ní èsì.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí Dádì fi gba máíkì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá láti Suleja àti Lokoja, wọ́n nawọ́ sí fẹ́lẹ́sì, wọ́n ní: "As you can see, my brother is not oblivious."

Lọ́yà Wuse:
😂😂😂

Sabon Gari Boy:
Ìyẹn gan-an ṣeé gbà nù un. Bàbá ń wo gbogbo yín látòkè, ó mọ iye ẹran tí oníkálukú bù.

Ẹni Ń Kọjá:
Tísà, wọ́n ń pè yín o.

Tísà Kàdúná:
Mi ò sí nílé.